Sáfà kan ṣoṣo ló gbé gbogbo ṣọ́ọ̀bù wa ró: kí la lè ṣe láì ná owó ńlá?

OníkóòdùÒkèAjé (Ìjẹ̀bú-Òde), Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀rọ fún Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní Òkè-Ajé. Ṣọ́ọ̀bù méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀, ìkẹta wà ní Ṣàgámù. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà la fi ń já rìsíìtì, sáfà kan ṣoṣo (ẹ̀rọ tó ń pa gbogbo àkọsílẹ̀ mọ́) sì ni gbogbo wọn ń bá sọ̀rọ̀. PostgreSQL 16, ètò dátábéèsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà, ló wà lórí rẹ̀, Ubuntu ni, dátábéèsì náà ò ju 6GB lọ. Abẹ́ tábìlì akáwùńtánì ni sáfà ọ̀hún ń gbé.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọjà ṣe máa ń rí níhìn-ín bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ló ń wá gba aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ lọ Ojúde Ọba. Àwọn kan ti ń san díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹgbẹ́ kan lè ní ọgọ́ta ènìyàn, oníkálukú pẹ̀lú iye tó ti san àti iye yáàdì tó fẹ́. Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Iléyá tó kọjá, nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, háàdì dísìkì sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí ẹni ń pa ẹ̀pà. Kí n tó dé ibẹ̀, ó ti kú.

Backup (ẹ̀dà dátà) wà, àmọ́ ti alẹ́ ọjọ́ Ajé ni. Ti Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú kò wọlé, flash tí mò ń kó o sí ti kún, mi ò sì mọ̀. Mo lo wákàtí mẹ́sàn-án kí n tó gbé nǹkan dìde lórí láptọ́ọ̀pù ara mi, iṣẹ́ ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ sì ti wọgbó. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ to sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rìsíìtì lọ́wọ́, àwa tí a tà á fún wọn la ò ní àkọsílẹ̀. Alhaja ní kí wọ́n máa gbé aṣọ wọn lọ, ó ní ojú ni òun ń wò. Ìgbà tí a ṣírò ẹ̀ tán la rí i pé àwọn míì gbé kọjá ohun tí wọ́n san.

Ní báyìí, ₦450,000 ni Alhaja ní òun máa fún mi, kò sí kọ́bọ̀ lórí ẹ̀, kí irú ìyẹn má ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ti kà nípa failover (kí ẹ̀rọ kan gba ipò èyí tó kú), àwọn ètò bíi Patroni àti Galera, àti cloud (sáfà tí a ń háyà lórí íntánẹ́ẹ̀tì), orí mi ti wú. Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé bí sáfà kan bá kú, kí èkejì gba iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀ láìsí èmi níbẹ̀. Ṣé owó yẹn á tó?

Bàbá_Wáyà (Ṣàgámù), Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí a rí irú ẹ̀ mọ́.

Kí o tó dárúkọ Patroni, dá mi lóhùn ná. Dísìkì mélòó ló wà nínú sáfà yẹn? Inverter tí ẹ ní, ṣé ó gbé switch àti ráútà, àbí sáfà nìkan? Níbo ni wáyà iná sáfà gbà wọ ògiri?

Mo ń bi ọ́ torí pé ogún ọdún ni mo ti fi ń fa wáyà kiri Rẹ́mọ yìí. Oníbàárà mi kan ra sáfà méjì, owó gidi, ó ní kò sí ohun tó máa dá òun dúró mọ́. Ó wá ki méjèèjì bọ extension kan náà! Ọjọ́ tí extension gbóná tó yọ́, sáfà méjèèjì bá a lọ. Èmi ni wọ́n pè, òórùn rọ́bà tó jó ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà.

OníkóòdùÒkèAjé, Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ojú tì mí. Dísìkì kan ni. Inverter gbé sáfà àti kọ̀ǹpútà méjì. Switch wà lára iná NEPA tààrà.

Bàbá_Wáyà, Ọjọ́ Ajé, 10:11 alẹ́

Ṣé o rí i? Bí iná bá lọ, sáfà wà láyè, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́ ra dísìkì SSD méjì tó dọ́gba, so wọ́n pọ̀ ní RAID 1 pẹ̀lú mdadm. Ètò Linux ni mdadm, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí a bá kọ sórí ọ̀kan wà lórí èkejì, bí ọ̀kan bá kú, iṣẹ́ ò dúró, o máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ká ní o ti ṣe ìyẹn ṣáájú Iléyá ni, o ò ní jókòó síbí lálẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, gbé switch àti ráútà sórí inverter. Méjèèjì kì í jẹ iná ju gílóòbù kan lọ.

Àmọ́ kí o jẹ́ kí mdadm máa fi ìméèlì ránṣẹ́ sí ọ bí dísìkì kan bá ṣubú. Mo ti rí ibi tí dísìkì kan ti kú láti ọdún tó kọjá tí wọn ò mọ̀, wọ́n ṣì ń yangàn pé àwọn ní RAID.

ỌmọÌjẹ̀búIgbó, Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Kí lẹ ń dà láàmú sí? Ẹ gbé dátábéèsì lọ sí cloud. Amazon RDS, dátábéèsì tí wọ́n ń bá ni tọ́jú, ní Multi-AZ (ẹ̀rọ méjì ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), bí ẹ̀rọ kan bá kú, òmíràn á gba ipò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ háàdì dísìkì lábẹ́ tábìlì ti di ti àwọn bàbá wa.

ÌyáDB_Ìkẹ́nnẹ́, Ìṣẹ́gun, 8:47 àárọ̀

@ỌmọÌjẹ̀búIgbó, òótọ́ lo sọ, ẹ̀rọ wọn dára, èmi gan-an ń lò ó níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó, oṣooṣù ni, Multi-AZ sì tó ìlọ́po méjì owó ẹ̀rọ kan. ₦450,000 tí Alhaja mú sílẹ̀ jẹ́ owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ ka owó náírà sí dọ́là kí o wò ó bí oṣù mélòó ló máa gbé.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó jìnnà. Ṣé ẹ rántí 14 March 2024? Wáyà abẹ́ òkun já létí Abidjan, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 fara gbá lẹ́ẹ̀kan náà, báńkì pàápàá ń kọ́ṣẹ̀. Àwọn tí sáfà wọn wà ní Yúróòpù ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí sáfà tirẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì ń tajà lọ ní tiẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà ń wọlé wá fẹsẹ̀ rà nǹkan kò yẹ kó máa wo ojú íntánẹ́ẹ̀tì kó tó lè já rìsíìtì. Tó bá jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti ń tajà, mi ò ní bá ọ jiyàn.

Famásì_Ìlíṣàn, Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹlòmíràn má bàa tẹ ibi tí mo tẹ̀. Ilé ìtajà oògùn kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ohun tí oníkóòdù wa ń bèèrè yìí gan-an ni mo ṣe: èkejì gba iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀.

Sáfà méjì, dátábéèsì MariaDB, èkíní ń kọ sí èkejì, èkejì ń kọ sí èkíní. Keepalived wà lórí méjèèjì. Adírẹ́sì IP kan ṣoṣo ni àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tajà mọ̀, sáfà tó bá wà láyè ló ń gbé e. Ọ̀kan wà nísàlẹ̀, ọ̀kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, oníkálukú ní switch tirẹ̀, wáyà kan ló so switch méjèèjì pọ̀. Mo dán an wò: mo pa ti ìsàlẹ̀, ti òkè gbà á. Mo jó.

Ní Sátidé kan, ẹni tó ń gbálẹ̀ fi ìgbálẹ̀ fa wáyà àárín yẹn yọ, kò sì mọ̀. Sáfà òkè nawọ́ sí ti ìsàlẹ̀, kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ó gbà pé ó ti kú, ó gbé adírẹ́sì. Ti ìsàlẹ̀ kò kú o, òun náà ṣì gbé adírẹ́sì tirẹ̀ lọ́wọ́. Ọba méjì jẹ nínú ìlú kan. Òkè ń tà, ìsàlẹ̀ ń tà, kò sí ẹni tó pè mí, torí ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́! Nọ́ńbà rìsíìtì kan náà wà nísàlẹ̀ fún oògùn ibà, ó wà lókè fún oògùn ẹ̀jẹ̀ríru. Páálí tó kù kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì ti tà á.

Lọ́jọ́ Ajé ni ẹnì kan rí wáyà nílẹ̀, ó ṣe mí lóore, ó kì í padà. Ìgbà yẹn ni replication (kíkọ tí wọ́n ń kọ sí ara wọn) wá dúró, ó ń pariwo error 1062, pé nọ́ńbà yìí ti wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ti rìsíìtì bébà, mò ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Háàdì dísìkì tó kú ì bá sàn fún mi, ẹ gbà mí gbọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè, Ìṣẹ́gun, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá. Ṣé kì í ṣe pé ẹlẹ́rìí kẹta ni wọn ò ní? Wọ́n kọ́ wa ní Raft: ẹ̀rọ mẹ́ta ń dìbò, ẹni tó bá ní ìbò méjì ló ń jẹ olórí. Patroni pẹ̀lú etcd (ètò tó ń ka ìbò) ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kẹta lè jẹ́ Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò wọ́n tó sáfà. Bí wáyà bá já, ẹni tó dá wà kò ní ìbò tó pọ̀ tó, á fi ipò sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

ÌyáDB_Ìkẹ́nnẹ́, Ìṣẹ́gun, 9:33 alẹ́

Inú mi dùn sí ìbéèrè ọmọ yìí. Ẹ gbà mí láàyè kí n jókòó sí i dáadáa, àwọn ọmọ ti sùn.

Ẹ̀rọ méjì tí wọn ò gbọ́ ohùn ara wọn kò lè mọ̀ bóyá ẹnìkejì kú ni tàbí wáyà ló já. Ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni. Kò sí kóòdù tó lè mú ìyẹn kúrò. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ méjì tó ń yan ara wọn lọ́ba fi máa ń dá wàhálà sílẹ̀ bíi ti Famásì. Ẹ̀rọ mẹ́ta lè yanjú ẹ̀, Patroni sì ni mo mọ̀ tó dára jù fún PostgreSQL. Àwọn Zalando, ilé iṣẹ́ tó ń ta aṣọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Jámánì, ló kọ ọ́. Oníṣòwò aṣọ bíi Alhaja tiwa ni wọ́n, àmọ́ wọ́n ní yàrá tó kún fún onímọ̀ ẹ̀rọ. Alhaja ní ènìyàn kan.

Raspberry Pi tí o dárúkọ, tó bá jẹ́ orí káàdì SD ló ti ń ṣiṣẹ́, etcd máa ń fẹ́ kọ nǹkan sórí dísìkì kó sì dá a lójú pé ó wọlé kó tó dáhùn. Káàdì SD lọ́ra níbẹ̀. Ẹ̀rọ á máa rò pé ẹnìkejì ti kú, wọ́n á máa dìbò láàárín ọjà. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní SSD sàn jù ú lọ, ó tún ní bátìrì tirẹ̀.

Ẹ tún má rò pé ẹni tó bá ní owó kì í kan irú ẹ̀. Ní 21 October 2018, nẹ́tíwọ́ọ̀kì GitHub (ibi tí àwọn oníkóòdù ń kó kóòdù sí) já fún ìṣẹ́jú àáyá 43 péré. Ẹ̀rọ tó ń yan olórí fúnra rẹ̀ gbé ipò lọ sí apá kejì Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn nǹkan tí wọ́n ti kọ sí apá kìíní kò tíì débẹ̀. Wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 11 ni iṣẹ́ fi mẹ́hẹ kí wọ́n tó tò ó padà.

Àbúrò mi OníkóòdùÒkèAjé, ohun tí o bèèrè nìyí: kí èkejì gba iṣẹ́ ṣe láìsí ìwọ. Èmi ní kí o má ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí èkejì máa gba gbogbo ohun tí àkọ́kọ́ ń kọ lójú ẹsẹ̀, kó wà ní ìmúra, kí ènìyàn sì jẹ́ ẹni tó máa sọ pé "ó yá, gba ipò". Aago mẹ́jọ sí mẹ́fà ni ṣọ́ọ̀bù yín ń ṣí. Ta ló fẹ́ ra lace ní aago méjì òru? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ fi dúró lọ́sàn-án, ẹ lè fi bíírò kọ ọ́. Rìsíìtì tó di méjì, bíírò ò lè tún un ṣe.

Bí o ṣe máa ṣe é nìyí. Ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tó dára fi ṣe igbákejì, gbé e sí ṣọ́ọ̀bù kejì, kó má jẹ́ abẹ́ tábìlì kan náà, iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lórí igbákejì, àṣẹ pg_basebackup pẹ̀lú -R á kó gbogbo dátà wá, á sì fi fáìlì standby.signal (àmì pé igbákejì ni) síbẹ̀ fúnra rẹ̀. 6GB ò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí wáyà. Láti ìgbà yẹn, ó ń tẹ̀ lé àgbà (sáfà àkọ́kọ́) lẹ́yìn. Ọjọ́ tí àgbà bá kú, tẹ "select pg_promote();" lórí igbákejì, ó di àgbà, ó tán.

Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tajà ńkọ́? O ò nílò Keepalived. PostgreSQL gbà kí o kọ adírẹ́sì méjì sínú ìlà kan: host=10.0.0.11,10.0.0.12 pẹ̀lú target_session_attrs=read-write. Ó máa kan ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, tí kò bá sí ẹni tó lè kọ nǹkan níbẹ̀, á kan èkejì. Ó ti wà láti ẹ̀yà 10, ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀. Fi connect_timeout=3 kún un.

Ó ku ohun kan, òun ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó. Ní ilẹ̀ òyìnbó, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí ẹ̀rọ kú. Níbí, ẹ bẹ̀rù kí ó jí. Jẹ́ ká sọ pé inverter ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ kú ní aago méjìlá, o sọ igbákejì di àgbà, ọjà ń lọ. Ní aago méjì NEPA mú iná dé. Sáfà àtijọ́ tan fúnra rẹ̀, PostgreSQL dìde, kò mọ̀ pé wọ́n ti rọ òun lóyè. Adírẹ́sì tirẹ̀ ló ṣáájú lórí ìlà! Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí á lọ bá a, àwọn tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ á wà lọ́dọ̀ èkejì. Ọ̀rọ̀ Famásì náà nìyẹn, láìsí Keepalived, láìsí ìgbálẹ̀.

Nítorí náà, lórí Ubuntu, ṣí /etc/postgresql/16/main/start.conf, yí "auto" sí "manual", lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Iná lè dé nígbà tó bá wù ú, dátábéèsì ò ní dìde àfi tí ènìyàn bá ní kó dìde.

Akẹ́kọ̀ọ́_ÀgọÌwòyè, Ìṣẹ́gun, 10:20 alẹ́

Ẹ ṣeun mà. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ní ènìyàn ló máa tẹ̀ ẹ́, tí ẹni náà bá wà ní Èkó ńkọ́? Àti pé "manual" yìí, ṣé gbogbo àárọ̀ tí iná bá ti lọ lálẹ́ ni wọ́n á máa pe oníkóòdù?

ÌyáDB_Ìkẹ́nnẹ́, Ìṣẹ́gun, 10:41 alẹ́

O bá mi níbẹ̀. Owó ẹ̀ nìyẹn, mi ò ní purọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo kọ ìwé àṣẹ kékeré kan (script) tí ẹ̀rọ máa kà bó bá tan: ó máa bi ẹ̀rọ kejì "select pg_is_in_recovery();", ìyẹn "ṣé igbákejì ni ọ́?" Tí ẹ̀rọ kejì bá dáhùn pé "f" (rárá), ó túmọ̀ sí pé òun ni àgbà báyìí, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí á jókòó jẹ́ẹ́. Tó bá dáhùn pé "t" (bẹ́ẹ̀ ni), igbákejì ṣì ni, èyí lè dìde. Tí kò bá rí ìdáhùn, kó má ṣe nǹkan kan, kí ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oníkóòdù. Igbákejì ní tirẹ̀ lè dìde nígbàkigbà, kò léwu níwọ̀n ìgbà tí standby.signal bá wà níbẹ̀.

Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ oníkóòdù nìkan. Akáwùńtánì tó jókòó ti sáfà lè ṣe é. Kọ ọ́ sí bébà, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: lọ fojú ara rẹ wo sáfà àkọ́kọ́, YỌ WÁYÀ INÁ RẸ̀, lẹ́yìn náà lọ tẹ ohun tó wà lórí tábìlì ẹ̀rọ kejì. Ojú tó rí i pé wáyà ti yọ ni ẹlẹ́rìí kẹta wa. etcd ò lè rìn lọ síbẹ̀ lọ wò ó.

Bàbá_Wáyà, Ọjọ́rú, 6:15 àárọ̀

Ìyá, ẹ ṣé gan-an. "Ẹ bẹ̀rù kí ó jí." Mo máa jí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àbúrò, wọ inú BIOS (ètò tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń kà bó bá tan) pẹ̀lú, wá ibi tó sọ ohun tí ẹ̀rọ máa ṣe tí iná bá padà dé. Fi sí kó má tan fúnra rẹ̀. Ìdè méjì sàn ju ọ̀kan lọ.

Famásì_Ìlíṣàn, Ọjọ́rú, 9:08 àárọ̀

Ṣé ẹ ò ní lo synchronous, kí rìsíìtì má wọlé àfi tó bá ti dé ọ̀dọ̀ méjèèjì? Ẹni tí owó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá yóò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

ÌyáDB_Ìkẹ́nnẹ́, Ọjọ́rú, 12:55 ọ̀sán

Pẹ̀lú ẹ̀rọ méjì péré, rárá. Bí igbákejì bá kú, àgbà á máa dúró dè é kó tó jẹ́ kí rìsíìtì kankan wọlé. Ẹ ti fi owó yín ra ẹ̀rọ kejì tó lè dá ọjà dúró. Láìsí synchronous, ohun tó lè ṣòfò lórí wáyà ilé kì í sábà ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, rìsíìtì kan tàbí méjì, bébà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ oníbàárà.

Àbúrò, má dá backup dúró o. Tí ẹnì kan bá kọ DELETE (àṣẹ ìparẹ́) tó gbàgbé WHERE (tó ń sọ èyí tí yóò pa rẹ́), igbákejì á pa á rẹ́ tẹ̀ lé e kí o tó ṣẹ́jú. GitLab, ilé iṣẹ́ míì tó ń tọ́jú kóòdù, ní sáfà igbákejì ní 31 January 2017. Òṣìṣẹ́ wọn rò pé orí igbákejì ni òun wà, orí àgbà ló ti pa fáìlì rẹ́. Nínú bíi 300GB, 4.5GB ló kù. Wọ́n yíjú sí pg_dump, ètò tó ń ṣe backup, wọ́n bá a pé kò tíì kọ nǹkan kan, torí ẹ̀yà pg_dump 9.2 ni wọ́n ń lò fún dátábéèsì 9.6, kò sì sí ẹni tó rí ìméèlì ìkìlọ̀. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ṣèèṣì ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ. Flash tìrẹ tó kún nìyẹn, àbúrò, àwọn náà ṣe é.

OníkóòdùÒkèAjé, Sunday, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin àgbà. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Mo ra SSD mẹ́rin, méjì fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì lórí pákó tí káfíńtà kàn mọ́ ògiri. Switch àti ráútà ti wà lórí inverter. Backup ń lọ sí Ṣàgámù lálaalẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti tì í pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi bó wọlé bí kò wọlé. Owó tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan, Alhaja ní kí n fi mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Lánàá, lẹ́yìn tí a ti ti ṣọ́ọ̀bù, a dán an wò. Alhaja jókòó sórí àga, ó ká ọwọ́ gbera. Akáwùńtánì yọ wáyà, ó rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì, ó tẹ̀ ẹ́. pg_promote dá a lóhùn "t", ìyẹn ó ti ṣe é. Mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀.

"no pg_hba.conf entry for host." Bí ó ṣe ń kọ nìyẹn, kọ̀ǹpútà mẹ́fà.

Ẹ wò ó, pg_basebackup kó dátà wá, àmọ́ lórí Ubuntu, pg_hba.conf àti postgresql.conf kò sí nínú fódà dátà, inú /etc ni wọ́n ń gbé. Wọn ò bá a wá. Igbákejì ní gbogbo rìsíìtì, kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn fún. Ká ní Ọjọ́bọ̀ Iléyá ni mo ti máa rí ìyẹn ńkọ́! Mo daakọ méjèèjì, mo tún un gbé dìde.

Ìgbà kejì, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ṣí tẹ́lẹ̀ dúró gbagidi, wọ́n ṣì ń retí sáfà tó ti kú. Mo kọ ọ́ kún bébà ara ògiri: ẹ pa ètò rìsíìtì, ẹ tún un ṣí. Ní Ṣàgámù, adírẹ́sì kan ni mo kọ síbẹ̀, mo gbàgbé èkejì. Mo tún un ṣe.

Ìgbà kẹta, láti ìgbà tí wáyà yọ títí tí rìsíìtì àkọ́kọ́ fi jáde, ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ìrìn akáwùńtánì láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì. Lẹ́yìn náà mo ki wáyà sáfà àtijọ́ padà, mo tàn án, mo dúró tì í. Ó tan, ó bi ẹnìkejì, ó jókòó jẹ́ẹ́. Mo fi pg_basebackup sọ ọ́ di igbákejì tuntun, ìṣẹ́jú méjì, ó parí.

ÌyáDB_Ìkẹ́nnẹ́, Sunday, 6:22 ìrọ̀lẹ́

O káre, ọmọ mi. pg_hba yẹn ti mú èmi náà rí, mo gbàgbé láti sọ, má bínú. Bákan náà ni fún ohunkóhun tí cron (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a dá fún un) ń ṣe lórí àgbà: backup alẹ́ rẹ, láti orí ẹ̀rọ wo ló ti ń lọ báyìí tí ipò ti yí?

OníkóòdùÒkèAjé, Sunday, 6:25 ìrọ̀lẹ́

Hẹ̀n. Ẹ dúró ná.

OníkóòdùÒkèAjé, Sunday, 7:10 alẹ́

Orí èyí tí a rọ lóyè ni, àmọ́ ó ṣì lè ka dátà gẹ́gẹ́ bí igbákejì, nítorí náà ti alẹ́ àná wọlé. Mo ti fi cron sórí méjèèjì, igbákejì nìkan ni yóò máa ṣe é, kó má fa ọwọ́ àgbà sẹ́yìn. Mo ṣí ti àná lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo ka iye rìsíìtì, ó dọ́gba.

Bàbá_Wáyà, Sunday, 8:03 alẹ́

Káre láéláé. Ìgbà wo lẹ tún máa yọ wáyà?

OníkóòdùÒkèAjé, Sunday, 8:09 alẹ́

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Alhaja ní òun fúnra òun ló máa tẹ̀ ẹ́, torí lọ́jọ́ Ojúde Ọba, èmi àti akáwùńtánì wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, kò sí èyí tó máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù nínú àwa méjèèjì.